Ìsoríkọ́ àti bipolar lára àwọn ọ̀dọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohun tí ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ fi hàn

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí òbí máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lórí ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ọjọ́ tí dókítà dárúkọ àìsàn náà fún wọn. Ọjọ́ yẹn kọ́ ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé ọmọ kan náà láti kékeré títí tó fi dàgbà, tí wọ́n ń padà lọ béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ń ṣàìsàn o, bóyá kò ṣe é. Ohun tí wọ́n rí ni mo kó jọ síbí. Ó dá mi lójú pé ìdílé tó bá mọ̀ ọ́n ò ní tètè sọ̀rètí nù, wọn ò sì ní tètè dẹwọ́ nígbà tí ara ọmọ bá yá.

Kí ni ìsoríkọ́, kí sì ni bipolar?

Kò sẹ́ni tínú rẹ̀ kì í bà jẹ́, ọmọdé pàápàá. Ohun tí dókítà ń pè ní ìsoríkọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọmọ náà á bà jẹ́ tàbí kó máa kanra ṣáá, láti àárọ̀ dalẹ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò ní wù ú mọ́. Oorun rẹ̀ á dà rú, oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu rẹ̀ tàbí kó máa jẹ àjẹjù, ọkàn rẹ̀ ò ní pa pọ̀ nídìí ìwé, á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó sì lè máa ronú ikú. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ pé sára ọmọ kan. Irú kan tún wà tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó máa ń pẹ́ lára ọmọ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bipolar ní apá méjì. Ìgbà kan wà tí ìsoríkọ́ á mú un, ìgbà mìíràn wà tí ara rẹ̀ á yá gágá ju bó ṣe yẹ lọ: á sùn fún wákàtí mẹ́ta péré, kò sì ní rẹ̀ ẹ́, á máa sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, á gbà pé kò sóhun tóun ò lè ṣe, á máa kó wọnú ewu láìro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tó le débi tí wọ́n fi dá a dúró sílé ìwòsàn, mania ni wọ́n ń pè é. Tó bá rọjú díẹ̀, tó sì gba ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, hypomania ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹ̀lé ọmọ kan náà fún ogún tàbí ogójì ọdún? Ṣé wọn ò kàn lè bi àgbàlagbà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà èwe ni?

Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tó. Èèyàn máa ń gbàgbé, pàápàá jù lọ ìrora tó ti kọjá. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí Dunedin ní New Zealand fi àkọsílẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ti ń kọ bọ̀ láti ìgbà táwọn ọmọ náà ti kéré, wé ti àwọn ìwádìí ńláńlá tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi àgbàlagbà léèrè. Tó bá jẹ́ ti àwọn tó ṣàìsàn láàárín ọdún kan sẹ́yìn, iye tí gbogbo wọn rí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ àwọn tí ìsoríkọ́ tàbí àníyàn àpọ̀jù ti mú rí láyé wọn, iye tí Dunedin rí tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù. Ohun tó fà á ò lè ju pé àwọn tí wọ́n bi léèrè lẹ́ẹ̀kan ti gbàgbé.

Ìdí kejì ni pé a fẹ́ mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ wo ọmọ tí kì í sùn lóru, tínú rẹ̀ sì ń bà jẹ́. Ṣé àìsùn ló mú ìbànújẹ́ wá, àbí ìbànújẹ́ ló lé oorun lọ? Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, méjèèjì á jọ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lè sọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ọmọ náà ṣáájú kí ìkankan nínú méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ló lè dáhùn.

Àwọn ìwádìí wo gan-an ni?

Wọ́n pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Dunedin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kíkún. Ọmọ 1,037 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n bí sí ìlú Dunedin láàárín April 1972 sí March 1973. Wọ́n pè wọ́n nígbà tí wọ́n pé ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń pè wọ́n lọ́dún méjì-méjì títí wọ́n fi pé ọdún 15. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí wọn ní ọdún 18, 21, 26, 32, 38 àti 45. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣí lọ sí òkè òkun. Àwọn olùwádìí máa ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú wọn padà sí Dunedin, wọ́n á sì lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀: wọ́n á yẹ eyín wọn wò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe ń mí, wọ́n á sì jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọkàn wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 45, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣì wà láàyè ló kópa. Ohun ìwúrí ńlá ni fún mi pé èèyàn lè mú àdéhùn ṣẹ fún ogójì ọdún ó lé, torí kí ọmọ ẹlòmíì lè rí ìtọ́jú tó dáa.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, wọ́n ń tẹ̀lé ọmọ 1,265 tí wọ́n bí sí Christchurch lọ́dún 1977. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń tẹ̀lé àwọn tí wọ́n bí láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú March 1946, àti àwọn ọmọ tí ìyá wọn forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lóyún wọn ní agbègbè Bristol láàárín 1991 sí 1992. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Soweto àti Johannesburg ní South Africa lọ́dún 1990 pẹ̀lú ọmọ tó lé ní 3,000. Pelotas ní Brazil ní tirẹ̀, láti ọdún 1982. Ti ABCD ní Amẹ́ríkà ló tóbi jù nínú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ ọmọ bó ṣe ń dàgbà: àwọn ọmọ tó tó 11,880, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọmọ ìlú ni irú ìwádìí yìí ń kó mọ́ra, àtẹni tára rẹ̀ dá àtẹni tára rẹ̀ ò dá. Irú kejì tún wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ tí àìsàn náà ti mú nìkan ni wọ́n ń tẹ̀lé. COBY ni mo máa dárúkọ jù nínú wọn: ọmọ 413 tó ní oríṣi bipolar kan tàbí òmíràn, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 17. Láti ọdún 2000 ni àwọn yunifásítì mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, ti Pittsburgh, Brown àti UCLA, ti jọ ń ṣe é.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí ọkàn ọmọ ṣe rí lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn?

Kò rọrùn, ó sì wù mí kí èèyàn mọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní LIFE. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ á jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, kàlẹ́ńdà á wà láàárín wọn. Kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé inú ẹ bà jẹ́ lóṣù March?" torí kò sọ́mọ ọdún 14 tó máa rántí ìyẹn. Á kọ́kọ́ wá ohun tọ́mọ náà rántí: ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìgbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, ìgbà tí wọ́n gba ìsinmi níléèwé. Á wá máa fi ìbéèrè yí àwọn ọjọ́ yẹn ká: "Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ ṣèdánwò yẹn, báwo lo ṣe ń sùn? Ṣé bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ gba ìsinmi, àbí ó ti yàtọ̀ nígbà yẹn?" Bí wọ́n á ṣe máa bá a lọ nìyẹn, títí tí gbogbo ọ̀sẹ̀ fi máa ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 1 dé 6. Oókan túmọ̀ sí pé kò sí àmì àìsàn kankan, ẹẹ́fà sì ni èyí tó le jù.

Wọ́n á tún bi ìyá tàbí bàbá léèrè lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n sọ kì í sábà bá ti ọmọ mu. Òbí máa ń rí ohun tó hàn síta, bí ìkanra, àríyànjiyàn, tàbí máàkì tó lọ sílẹ̀. Ọmọ nìkan ló mọ̀ pé òun ń sunkún lóru, tàbí pé òun ti ronú àtikú. Olùwádìí ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan pa ti ẹnì kejì rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wádìí ohun tó fà á tí wọ́n fi yàtọ̀, kó tó kọ nọ́ńbà kankan.

Nínú COBY, wọ́n ò ní sọ pé ara ọmọ ti yá délẹ̀délẹ̀ àfi tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tẹ̀lé ara wọn láìsí àmì àìsàn, tàbí pẹ̀lú ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sọ pé "ó ti tán" lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tọ́mọ bá ti rẹ́rìn-ín.

Ṣé ara ọmọ á yá? Ṣé àìsàn náà ò ní padà mọ́?

Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn wọn ò sì jọra.

Ti àkọ́kọ́ dáa gan-an. Nínú ìwádìí TADS ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ 439 tí ìsoríkọ́ mú, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 12 sí 17, ni wọ́n tọ́jú. Wọ́n tún tẹ̀lé 196 nínú wọn títí ó fi pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti wọnú ìwádìí náà. Ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ nínú ìsoríkọ́ tó gbé wọn wá. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kí gbogbo òbí tó ń jókòó sunkún lóru gbọ́ èyí ná.

Ti ìkejì ló yẹ ká fara balẹ̀ sí. Nínú àwọn tára wọn yá yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì (ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún) tí ìsoríkọ́ tún kọlù kí ọdún márùn-ún náà tó pé. Ó pọ̀ lára àwọn ọmọbìnrin (57) ju ọmọkùnrin lọ (33). Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé irú ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, ì báà jẹ́ oògùn, ì báà jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kò fi hàn bóyá á padà tàbí kò ní padà. Àmọ́ ó padà mú àwọn tí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́ ò ṣe láǹfààní kankan ju àwọn tó kù lọ.

Bipolar le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú COBY, nǹkan bí ọdún méjì àtààbọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ti yá délẹ̀délẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀ mìíràn, ìdá 62 ló tún ti padà mú, ìsoríkọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́ tó bá ń padà. Tí wọ́n bá ka gbogbo ọ̀sẹ̀ pọ̀, ó tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún tí àmì kan tàbí òmíràn wà lára àwọn ọmọ náà, bí kò tilẹ̀ le.

Síbẹ̀, gbogbo wọn ò rìn lójú ọ̀nà kan náà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, wọ́n rí ọ̀wọ́ mẹ́rin: nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 24 ni ara wọn dá ní èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, 35 ni ara wọn dá níwọ̀nba, 19 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn tó le, àmọ́ wọ́n ń gbádùn díẹ̀díẹ̀ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, 22 ló sì wà nínú àìsàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn tí àìsàn ò tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn, tí bipolar àti oògùn olóró ò pọ̀ nínú ìdílé wọn, tẹ́nikẹ́ni ò sì fipá bá lò pọ̀ rí, ló pọ̀ nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nínú ọ̀wọ́ kẹta yẹn ni mo máa ń rò jù, torí ọdún méjì àkọ́kọ́ lè mú kí ìdílé rò pé bó ṣe máa rí títí lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé ìsoríkọ́ ìgbà ọ̀dọ́ túmọ̀ sí pé á máa bá a fínra títí ayé?

Rárá. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia, wọ́n tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ 1,943 láti ọdún 1992. Nínú àwọn tí ìsoríkọ́ tàbí àníyàn mú nígbà ọ̀dọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún tó tún mú nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀. Àmọ́ àwọn tí tiwọn ò tó oṣù mẹ́fà, díẹ̀ lé ní ìdajì wọn ni kò padà mú mọ́ rárá. Bó ṣe pẹ́ tó lára ṣe pàtàkì, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má dúró dìgbà tí "á fi lọ fúnra rẹ̀".

Ọmọ mi máa ń bínú ṣáá, ó máa ń fọ́ nǹkan. Wọ́n ní bipolar ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1994 sí 2003, iye ìgbà tí dókítà ń kọ bipolar sílẹ̀ fún ọmọdé tó wá rí wọn fò sókè ní ìlọ́po ogójì. Kò sí àìsàn tó ń yára pọ̀ báyẹn lára ọmọ ènìyàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn dókítà kan gbà pé bí mania ṣe ń rí lára ọmọdé ni ìbínú tí kì í tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló torí bẹ́ẹ̀ gba oògùn tó wúwo, ó sì dùn mí.

Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló yanjú ẹ̀. Ellen Leibenluft àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ìkanra wọn kì í lọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí bipolar wọn dájú. Bí ọdún ti ń lọ, mania ò sábà wá sára àwọn oníkanra. Ìsoríkọ́ àti àníyàn ló máa ń bá wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n fi orúkọ tuntun, DMDD (ìyẹn ìkanra tó le tí kì í lọ), sínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ fi ń dá àìsàn mọ̀ lọ́dún 2013. Torí náà, ohun tí ẹ máa bi dókítà ni: ṣé ó máa ń wá, kó sì lọ pátápátá fún ọjọ́ mélòó kan, àbí ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀? Ṣé oorun rẹ̀ máa ń dín kù láìrẹ̀ ẹ́? Bipolar máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Ìkanra tí kò dáwọ́ dúró láti ọdún kan sí òmíràn jẹ́ nǹkan mìíràn.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì o. Nínú COBY, àwọn ọmọ tí àmì mania wọn ò tíì pé tó iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló di bipolar gidi láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ó pọ̀ jù lára àwọn tí mania wà nínú ìdílé wọn.

Ṣé ó ń ran ìdílé ni?

Ó ń tẹ̀lé ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ní kó dájú. Olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Myrna Weissman, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn òbí tó ní ìsoríkọ́ àti ọmọ wọn lọ́dún 1982. Nígbà tó fi máa tó ogún ọdún, ó rí i pé ìsoríkọ́ àti àníyàn wọ́pọ̀ lára ọmọ wọn ní ìlọ́po mẹ́ta ju ọmọ àwọn tí kò ní in lọ. Nígbà tó yá, ó débi ọmọ-ọmọ.

Ìròyìn ayọ̀ wà nínú iṣẹ́ yìí kan náà. Lọ́dún 2006, Weissman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìyá 151 tó ń gba ìtọ́jú ìsoríkọ́, pẹ̀lú ọmọ wọn. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, iye àìsàn lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti gbádùn ti fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò tíì gbádùn, ńṣe ló fi ìdá 8 lọ sókè. Kò sẹ́ni tó fún àwọn ọmọ náà lóògùn nínú ìwádìí yẹn. Ìyá ni wọ́n tọ́jú. Ìyá tó bá ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí n bójú tó ọmọ mi ná, tèmi á dúró," jọ̀ọ́, ẹ tún un rò.

Ní ti jíìnì kan pàtó, ẹ ṣọ́ra fún ìròyìn. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí Dunedin gbé àbájáde kan jáde pé irú jíìnì kan tó jẹ mọ́ serotonin, èròjà kan nínú ọpọlọ, ló ń pinnu ẹni tí ìṣòro ayé máa kó ìsoríkọ́ bá. Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Lọ́dún 2009, àwọn mìíràn kó ìwádìí 14 jọ, èèyàn tó lé ní 14,000 ló wà nínú wọn, wọn ò sì rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó dúró ṣinṣin nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìṣòro ayé ń fa ìsoríkọ́. Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jíìnì ló lọ́wọ́ sí i, tí ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré gan-an.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ?

Ṣáájú ìbàlágà, kò pọ̀ lára wọn ju ọkùnrin lọ. Àkọsílẹ̀ Dunedin fi hàn pé láti nǹkan bí ọdún 13 ni ó ti ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì wá ga gan-an láàárín ọdún 15 sí 18, títí tó fi di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Omi ara (hormone) tó ń yí padà lọ́wọ́ sí i, bákan náà ni ohun tójú àwọn ọmọbìnrin ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ọjọ́ orí yẹn. Ti bipolar ò ní irú ìyàtọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀.

Ṣé oògùn ìsoríkọ́ ò léwu fún ọmọ?

Lọ́dún 2004, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣàyẹ̀wò ìwádìí 24 tí ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó lé ní 4,400 kópa nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo oògùn ìsoríkọ́, 4 ló ní èrò tàbí ìwà pípa ara ẹni lákòókò náà. Nínú àwọn tí hóró tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n fún, 2 ni. Kò sẹ́ni tó para rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára páálí oògùn náà.

Ẹ wá gbé ti TADS sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìyípadà gidi lára àwọn tó gba fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ kan, pẹ̀lú ìtọ́jú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń tún èrò àti ìwà ṣe. Fluoxetine nìkan, 61. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìkan, 43. Hóró tí kò ní oògùn nínú, 35. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti lé oògùn bá: méjèèjì wà ní 81, àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ sì wà ní 86. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé oògùn ń tètè ṣiṣẹ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ń gba sùúrù, méjèèjì pọ̀ ló sì dáa jù fún ìsoríkọ́ tó le. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí dókítà yí i padà ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ jù. Ẹ má sì dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Tí ọmọ bá sọ fún olùwádìí pé òun fẹ́ kú ńkọ́?

Ìwádìí á dúró. Kí ìbéèrè kankan tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ fún ọmọ àti òbí pé àṣírí ni gbogbo ohun tọ́mọ bá sọ, àyàfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Nígbà náà, wọ́n á pe dókítà, wọ́n á sọ fún òbí, ọmọ náà ò sì ní kúrò níbẹ̀ láìsí ètò fún ààbò rẹ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé tí wọ́n bá béèrè, àwọn ló máa fi èrò náà sọ́kàn ọmọ. Wọ́n dán èyí wò ní iléèwé mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 2,342. Ìdajì gbọ́ ìbéèrè nípa pípa ara ẹni, ìdajì kejì ò gbọ́ ọ. Ìdààmú àwọn tí wọ́n bi ò pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ, èrò ikú wọn ò sì lé sí i. Torí náà, ẹ bi ọmọ yín ní tààràtà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ṣé òṣì ló ń fà á?

Ìwádìí kan ní òkè Smoky ní North Carolina dáhùn apá kan ìbéèrè yìí láìròtẹ́lẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ 1,420, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ ọmọ Cherokee, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ẹ̀yà náà ṣí ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín èrè rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ẹ̀yà náà. Ìwà ìpáǹle àti agídí dín kù lára àwọn ọmọ tí ìdílé wọn tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òṣì. Àmọ́ ìsoríkọ́ àti àníyàn wọn ò yí padà ní àkókò yẹn. Owó ṣe nǹkan, kò ṣe gbogbo nǹkan. Ìwádìí yìí kan náà ló tún fi hàn pé àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ wọn ń fòòró níléèwé ṣì ń ru ẹrù náà nígbà tí wọ́n ti di àgbà, nínú àníyàn àti ìsoríkọ́.

Fóònù ńkọ́?

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé ọmọ kan náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ síwá sẹ́yìn: àwọn kan rí i pé lílò rẹ̀ ló ṣáájú ìbànújẹ́, àwọn mìíràn rí i pé ọmọ tínú rẹ̀ ti bà jẹ́ ló ń sá lọ sídìí fóònù, ipa tí wọ́n sì ń rí kì í sábà tóbi. Tí fóònù bá ń gba oorun lọ́wọ́ ọmọ yín, ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́.

Ṣé wọ́n lè dènà ìsoríkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀?

Dé ìwọ̀n àyè kan. Lọ́dún 2009, olùwádìí Judy Garber àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde lórí ọ̀dọ́ 316 tí òbí wọn ti ní ìsoríkọ́ rí. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn, ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, bí èèyàn ṣe ń bá èrò tó ń fani wálẹ̀ jà. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ìsoríkọ́ mú ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nígbà tó mú 33 lára àwọn yòókù. Àmọ́ tí òbí bá ṣì wà nínú ìsoríkọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ò ṣe ọmọ láǹfààní ju ìtọ́jú ìgbà gbogbo lọ. A tún ti padà sọ́dọ̀ òbí.

Àwọn tó fi ìwádìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ńkọ́?

Àwọn ló ń kó ọ̀rọ̀ bá àbájáde jù, torí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le ló sábà máa ń ṣòro fún láti padà wá. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn tára wọn yá nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ìwádìí á sì máa sọ pé nǹkan dáa ju bó ṣe rí gan-an lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ka ìròyìn nípa ìwádìí kan, ẹ kọ́kọ́ wo iye tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tó parí. Dunedin lókìkí nítorí pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń padà wá, tó fi jẹ́ pé a lè gbà á gbọ́ nígbà tó sọ ohun tó ṣòroó gbà: kí wọ́n tó pé ọdún 45, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn ti mú rí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹni tí kò ṣe rí ló ṣọ̀wọ́n.

Ara ọmọ mi ti yá. Kí ni kí n máa ṣe báyìí?

Ẹ má pa ọjọ́ dókítà jẹ. Ohun tó dà bíi pé kò nítumọ̀ ni, kéèyàn máa gbé ọmọ tára rẹ̀ dá lọ sílé ìwòsàn, àmọ́ oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tí ìsoríkọ́ lọ ni wọ́n sábà fi ń bá ìtọ́jú lọ, kó má bàa padà. Ti bipolar máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ohun mẹ́ta sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bó ṣe sùn, bí inú rẹ̀ ṣe rí láti 1 dé 6, àti ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá ti dàgbà tó. Ẹ jọ kọ ohun tó kọ́kọ́ yí padà nígbà tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, torí ó sábà máa ń gba ọ̀nà kan náà padà: bóyá oorun ló kọ́kọ́ lọ, bóyá ọ̀rẹ́ ni kò fẹ́ rí mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà fi sí.

Wọ́n ní kí ọmọ mi wá kópa nínú ìwádìí. Kí ni ẹ̀tọ́ wa?

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwádìí náà kí wọ́n tó pè yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Ẹ̀yin òbí lẹ máa fọwọ́ síwèé, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ọmọ náà ní ọ̀nà tó máa yé e, kó sì gbà fúnra rẹ̀. Tó bá ní òun ò ṣe, ó parí. Ẹ béèrè ẹni tó máa rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, iye ọdún tí wọ́n fẹ́ fi tẹ̀lé e, àti ẹni tẹ́ ẹ máa pè tí ara rẹ̀ ò bá yá láàárín ìpàdé méjì. Ìtọ́jú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yí padà tó bá kọ̀ tàbí tó bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, kò sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá pé ọjọ́ orí tí òfin kà á sí àgbà, ìfọwọ́sí yín ò tó mọ́: wọ́n gbọ́dọ̀ tún padà lọ bi í léèrè, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa sọ bóyá kí wọ́n máa bá a lọ tàbí kí wọ́n dúró.